Ọgbọ̀n Àpò Ìrọ̀rí Dé Kóòtù

Alágbàfọ̀ kì í fi ohunkóhun ṣòfò. Omi tó bá fi ṣan aṣọ funfun gbẹ̀yìn ló fi ń rẹ aṣọ aláwọ̀, okùn tó bá sì já, á so ó padà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìkóríta fi ń ká a lára. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ń fọ aṣọ ibùsùn wọn. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, á fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́: iye aṣọ, iye owó, àti ọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ pé bí ohun kan kò bá tọ̀nà, kí wọ́n sọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọn ò sì san nǹkan kan.

Ẹni tó ta ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ fún un láwìn ti wá fún un ní gbèdéke. Bí owó tó kù kò bá wọlé kí oṣù yìí tó parí, á wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá sì lọ, obìnrin mẹ́fà tó ń bá a lọṣọ á padà sílé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ lọ́yà, ló bá a gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Yàrá ìlọṣọ ni wọ́n wà tó ti ń ṣàlàyé fún un, ooru sì mú un débi pé ó ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a máa ní kí adájọ́ dá a kíákíá, láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Ẹni tó bá gba ìwé ìṣirò tó dákẹ́, ó ti gbà pé òun jẹ gbèsè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ohun gidi kan tí wọ́n ń jà lé lórí, adájọ́ á ní ká lọ dúró de ìgbẹ́jọ́. Ó lè gbà tó ọdún kan ààbọ̀."

"Ọdún kan ààbọ̀? Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ ni?"

"Wọ́n tiẹ̀ ti fèsì. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì búra pé àwọn ò rí ìwé kankan gbà. Ó tún ní ẹ sọ ọgbọ̀n àpò ìrọ̀rí àwọn nù."

"Èmi! Ọdún mọ́kàndínlógún, hańkáṣíìfù kan ò sọnù lọ́wọ́ mi rí!" Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọn ò rí ìwé gbà? Kí ni máníjà wá ń kọ iye aṣọ sí lẹ́yìn?"

Máníjà náà háwọ́ kọjá ààlà, kò jẹ́ ra ìwé. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò Alágbàfọ̀ ló ń kọ iye aṣọ ìdọ̀tí sí, á fọwọ́ sí i, á tì í bọ inú àpò aṣọ, ìwé á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà lára ògiri, wáyà ni wọ́n fi gún wọn pọ̀.

Àbúrò rẹ̀ fò sókè. Wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì, wọ́n ń yí wọn síwá sẹ́yìn. Nígbà tó kan ìwé kẹta, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alágbàfọ̀. Àádóje àpò ìrọ̀rí ni máníjà kọ. Nínú ìwé ìdápadà tí Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ kọ, ọgọ́rùn-ún ló wà.

Ó rọra fi ìka ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Méje ò tó ni?"

"Méje tó láti fi hàn pé wọ́n ń gba ìwé," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n á máa pariwo àpò ìrọ̀rí, ẹ̀yin á máa ní irọ́ ni. Ìjà tí wọ́n nílò gan-an nìyẹn."

Alágbàfọ̀ wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ìwé náà. Ó fà á padà sáàárín àwọn tó kù.

Ní kóòtù, adájọ́ obìnrin kan tí gíláàsì rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú yí ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Máníjà, ta ló fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí?"

"Ó jọ tèmi, ma."

"Ó jọ tiyín ni, àbí tiyín ni?"

"Tèmi ni, ma."

Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Lọ́yà máníjà dìde kíá. "Àpò ìrọ̀rí wa tó sọnù ńkọ́? Ó di dandan ká pe ẹlẹ́rìí!"

Alágbàfọ̀ náà dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, àwọn oníbàárà rẹ̀ méjì náà wà níbẹ̀. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ síta.

"Ẹ má pe ẹnì kankan, ma. Àádóje ni wọ́n kó wá, ọgọ́rùn-ún ni mo dá padà. Ibi tí ọgbọ̀n gbà lọ, mi ò mọ̀ títí dòní. Àṣìṣe mi ni. Ẹ yọ owó wọn kúrò nínú tèmi."

Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Lọ́yà, kí ló wá kù tí ẹ ń jà lé lórí?"

Lọ́yà máníjà wo fáìlì, ó wo máníjà, ó wo òkè àjà. "Kò sí mọ́, ma."

Adájọ́ yọ owó ọgbọ̀n àpò ìrọ̀rí kúrò, ó ní kí òtẹ́ẹ̀lì san gbogbo ìyókù kí ọjọ́ márùn-ún tó pé. Oṣù ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, máníjà sáré bá a. "Màmá, ẹ má bínú sí wa. Aṣọ ti kún ilẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì o."

"Kó o wá. Kó owó dání."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ka àpò ìrọ̀rí yẹn ṣá, kì í ṣe àwa."

"Èmi ni," ni Alágbàfọ̀ wí. "Láti òní lọ, ẹ̀yin náà á máa kà á tẹ̀lé mi. Ẹ tẹsẹ̀ mọ́rìn. Aago mẹ́wàá ti lù, ẹ̀rọ wa ò sì tíì ṣe nǹkan kan láti àárọ̀."