Bíkà Tó Gbé Tàdáà Mì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, èmi Fàsásì olóbì ní Sábó, kẹ́ ẹ tó sọ pé arúgbó ń rojọ́.

Ṣẹ̀rífù, àbúrò ìyàwó mi, tó ń ṣa irin àlòkù ní Ògijo, ló gbé ife gíláàsì ńlá kan wá sílé. Ẹnu ẹ̀ yọ bíi ti ẹyẹ, ìlà funfun wà lára ẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè. Ó ní bíkà ni, òun làwọn tó ń po kẹ́míkà fi ń wọn omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e kaná, kò ní fọ́!"

Wúlẹ̀mọ̀tù ìyàwó mi fọ̀ ọ́ tọṣẹtọṣẹ, ó gbé e sójú fèrèsé. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, ètè gbogbo wa ti là. Bíkà ń làágùn. Kò sì sómi nínú ẹ̀ o.

Ara ọmọ-ọmọ wa, Hàmdálátù, ọmọ Kàúsárà, wá gbóná. Ìyàwó mi pe Àáfà kó wá ṣe hàntú fún un. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, wọ́n á fi tàdáà kọ Kùránì sára wàláà, wọ́n á fomi fọ̀ ọ́, aláìsàn á mu ún. Wúlẹ̀mọ̀tù ní kò sígbá tó mọ́ tó gíláàsì. Àáfà da omi ọ̀hún sínú bíkà, ó dúdú kirikiri.

Ká tó ṣẹ́jú, ó ti mọ́ gaara. Tàdáà èédú! Kò rì sísàlẹ̀, kò léfòó.

Wúlẹ̀mọ̀tù gbé bíkà. "Kàrámà nìyí, iṣẹ́ ìyanu Ọlọ́run! Hàmdálátù, dìde, mu ún!"

"Ìyá Kàúsárà, gbé e sílẹ̀."

"Bàbá Kàúsárà, ṣé ẹ ò gba Ọlọ́run gbọ́ ni?"

"Mo gbà á gbọ́. Bíkà yẹn ni mi ò mọ bàbá ẹ̀."

Mo wojú Àáfà. Àáfà ti ń wá bàtà ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó kan ètè ọmọ ni mo gbá a dànù. Omi dà sórí apẹ̀rẹ̀ obì mi. Bíkà balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó dún gooro, kò fọ́. Ewé tútù tí mo fi bo obì wá ń funfun lójú wa, bí òwú. Mo la obì kan, inú ẹ̀ dúdú bíi tàdáà.

Wúlẹ̀mọ̀tù ò bá mi jà mọ́. Ó pọn ọmọ, ó di ọsibítù. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un, ara ẹ̀ sì yá.

Ṣẹ̀rífù ti dá bíkà padà síbi tó ti ṣà á. Àmọ́ ojú fèrèsé níbi tí bíkà jókòó sí, òrùka omi kan wà ńbẹ̀ tí kì í gbẹ. Ọyẹ́ ti tún dé báyìí, ó ṣì tutù. Mo ti fi àpótí dí i, torí lánàá, mo bá Hàmdálátù ńbẹ̀, ó na ahọ́n sí i.