Wáyà Tó Wà Lábẹ́ Ìjókòó

"Bí ẹ bá ní kí n fà á yọ, màá fà á yọ," ni Mùtíù tó ń tún ọ̀kadà ṣe wí, "àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé bíréèkì yìí ò lè dá irú eré tí ẹ ń wá yẹn dúró o."

Ó ti ṣí ìjókòó ọ̀kadà oníbátìrì náà, ó sì nàka sí wáyà funfun kan tó ká jọ síbẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wáyà yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀kadà náà sáré kọjá ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe é fi sí i. Alàgbà Ọlọ́runṣògo, tó ni ọ̀kadà, tó tún ni ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ní Ṣómólú, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní ìwé ètò ìsìnkú tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti bo sàréè, ta ni yóò kà á? Ó ní àwọn oníbàárà òun ti ń kó iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tètè gbé e délé.

Sabina wà nídìí tábìlì, ó ń ká ìwé. Ọkọ rẹ̀, Ikúmápàyí, ló ń gun ọ̀kadà náà. Ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo yìí ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Sabina fi ìwé sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n má fọwọ́ kan wáyà náà.

"Ìyá Delight, mi ò fi dandan mú ọkọ rẹ," ni ọ̀gá wí. "Àwọn tó ń wáṣẹ́ kún Pedro bámúbámú. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó sọ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ikúmápàyí kò sọ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ta ní tó bẹ́ẹ̀? Delight ọmọ wọn ń lọ iléèwé, onílé ń kan ilẹ̀kùn, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mùtíù fa ẹnu wáyà náà yọ kúrò lára ìkejì rẹ̀. Kò pẹ́ ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀kan lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀kadà ti ń fò, tí ọ̀gá sì ń fi í yangàn.

Kò pẹ́, kò jìnnà, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ṣàdédé yà wọ iwájú rẹ̀ ní òpópónà Pedro. Ikúmápàyí tẹ bíréèkì. Bíréèkì náà ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, ìyẹn náà ni Mùtíù ti sọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn Igbóbì, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀.

Ọ̀gá wá sọ́dọ̀ ẹbí Ikúmápàyí létí ọ̀sà ní Bàríga, ó sunkún. Ẹkún náà kì í ṣe irọ́, èyí gan-an ló burú níbẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ṣàlàyé fún wọn pé eré àsápajúdé ni ọmọkùnrin náà fẹ́ràn, pé òun kìlọ̀ fún un títí ẹnu fi ń ro òun. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe wọ́n lóore. Ó ní òun yóò tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí ìyà má baà jẹ wọ́n, kí Akínlẹ́yẹ, àbúrò olóògbé, wá bọ́ sí ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ọ̀kadà. Àwọn ọkùnrin ẹbí dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin ń ṣàdúrà. Láyé àtijọ́, opó ni àbúrò olóògbé ń ṣú. Ọ̀kadà ni wọ́n ṣú ní ilé tiwọn.

Sabina nìkan ni kò dúpẹ́. Ó ní òun kò béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ọ̀gá ju pé kí wọ́n so wáyà funfun yẹn padà lọ. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Nígbà tó lọ tán, ìyá ọkọ Sabina fà á sí kọ̀rọ̀.

"Ọ̀kan ti lọ," ni ìyá náà wí. "Ṣé o tún fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu èyí tó kù ni?"

Lọ́jọ́ ìsìnkú, pósí ti wà níta, pásítọ̀ ti dìde, ìwé kò tíì dé. Ìgbà tó yá ni Akínlẹ́yẹ já wọ àdúgbò lórí ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, eruku ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà mọṣẹ́. Inú bí Sabina.

Bí Akínlẹ́yẹ ṣe ń pín ìwé fún àwọn àgbà lọ́wọ́, Sabina lọ ṣí ìjókòó ọ̀kadà. Ẹnu wáyà méjèèjì ṣì yà síra wọn. Ó mú wọn, ó kì wọ́n bọ inú ara wọn, wọ́n sì wọlé wẹ́rẹ́. Ìgbà náà ló tó mọ bí iṣẹ́ tí ọ̀gá kò ráyè ṣe ti rọrùn tó.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ló sọ nígbà tí Akínlẹ́yẹ padà dé. "Mo fi ẹ̀gbọ́n yín tó sùn síbẹ̀ yẹn bẹ̀ yín."

Fóònù Akínlẹ́yẹ dún. Ọ̀gá ni: ìwé ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀, àwọn oníyàwó ti ń kígbe. Akínlẹ́yẹ rọra sọ pé òun ti rò pé òun yóò dúró sin ẹ̀gbọ́n òun. Sabina kò gbọ́ èsì tí ọ̀gá fọ̀, àmọ́ ó rí i bí èjìká ọmọkùnrin náà ṣe wálẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ló wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa wáyà náà yọ fúnra rẹ̀, ó dé ìjókòó lé e, ó sì gùn ún lọ.

Nínú ìwé tó gbé wá, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí yóò gbé pósí. Nígbà tó kan gbígbé, wọ́n pe ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Wọn kò wá arọ́pò náà pẹ́ kí wọ́n tó rí i.