Ikú Ìyá Abẹ ní Orí Keje

Ẹni tó bá fẹ́ bá ìyá ìyàwó ẹ̀ jà, ẹnu ni kó fi bá a jà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí téèyàn bá fi báírò kọ kì í fọ́ ní tiẹ̀, pípa ló ń pa, á di òròmọdìyẹ, á wá máa ké káàkiri àdúgbò. Ẹ bi Gègé. Gègé ni wọ́n ń pe òǹkọ̀wé yìí, torí kò sígbà tí báírò ò sí létí ẹ̀, kódà nílé ìwẹ̀.

Oníbúrẹ́dì ni ìyá ìyàwó ẹ̀, ẹnu màmá sì gbóná ju ààrò tó fi ń yan búrẹ́dì lọ. Láti ọjọ́ tí Gègé ti fẹ́ ọmọ ẹ̀, kò jàre màmá rí, ìbáà jẹ́ lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí ibi tó yẹ kí àga wà ní pálọ̀ Gègé fúnra ẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ń dáhùn kó o tó bèèrè?

Ni Gègé bá lọ gbé e sínú ìwé. Ó pè é ní Ìyá Abẹ, torí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Gbogbo èébú tí màmá ti bú u látìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra wọn sọ́nà ló kó síbẹ̀. Nígbà tó dé orí keje, Ìyá Abẹ àti ọkọ ọmọ ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀, ọkọ ọmọ ò rí èsì fọ̀. Gègé náà ò rí èsì bá a wá. Ó họrí títí. Ló bá jẹ́ kí búrẹ́dì há ìyá lọ́fun, ìyá kú, ọkọ ọmọ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó tún ń tan ara ẹ̀ pé bí ẹni inú ìwé bá ti kú, ta ló máa sọ pé ẹni tó ń bẹ láàyè ni? Ẹ gbọ́ ọgbọ́n òǹkọ̀wé!

Ìwé jáde, ó tà gan-an, gbogbo àdúgbò sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Àwọn oníbàárà màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi dání wá ra búrẹ́dì. Màmá bèèrè ìdí ẹ̀. Télọ̀ òdìkejì títì ní, "Ẹ má bínú o, Ìyá Abẹ. Ẹ̀rù orí keje ló ń bà mí."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyàwó Gègé di báàgì ẹ̀. "Ẹ pa ìyá mi," ló wí. "Mo ń lọ jókòó ti òkú. Àfi tí inú wọn bá yọ́ kí n tó padà wá."

Ojú Gègé wálẹ̀. Àga ló kù tó ń rojọ́ fún nílé. Ó fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀ dọ́kàn. Bẹ́ẹ̀, atẹ̀wé ń múra àtitún ìwé náà tẹ̀, àyè àtúnṣe wà. Ló bá sọ Ìyá Abẹ di ẹni jẹ́jẹ́, tí kì í bínú, tí kì í bú èèyàn. Ó kó ìwé náà, ó dorí kọ ilé búrẹ́dì.

Màmá ń po fúláwà lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ wojú ẹ̀. "Kà á."

Gègé kúnlẹ̀ sórí fúláwà tó dà sílẹ̀, ó ń kà. Ó kà á débi tí olè ti jí búrẹ́dì, tí Ìyá Abẹ sì ní kó mú òmíràn sí i.

"Dúró ńbẹ̀," ni màmá wí. "Ta ni ọ̀dẹ̀ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi? Ṣé orí mi ti dàrú ni?" Ó ju fúláwà mọ́ tábìlì, gbì. "Ìwé àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Èébú ibẹ̀ ló pọ̀ jù, mà."

"Èébú mi ni! Ibi tí mo ti sọ fún awakọ̀ kan pé orí ẹ̀ ò wúlò ju ibi tó ń kọ́ fìlà sí lọ, mo rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi jóná. N ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi dùn tó bẹ́ẹ̀."

Gègé gbójú sókè. "Kí lẹ wá ń bínú sí, mà?"

"O pa mí! Ìwé tó ní orí ogún, o pa mí ní orí keje! O tún fi búrẹ́dì pa mí, búrẹ́dì tí ọmọ tí ò tíì hu eyín ń jẹ. Mo sì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́! Kí ló dé tó o fi dí mi lẹ́nu?"

Irọ́ tán lẹ́nu Gègé. "N ò rí èsì fún yín ni, mà. N ò rí èsì fún yín rí. Ó kàn wù mí kí n jàre lẹ́ẹ̀kan péré."

Màmá rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lu itan. Ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá nu ọwọ́ ẹ̀. "Mo ti dàgbà, ọmọ yìí. Búrẹ́dì tí mo yan láàárọ̀, wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kó tó dalẹ́. Fọ́tò mi ò lè sọ̀rọ̀. Inú ìwé ẹ yẹn nìkan ni ohùn mi wà. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ máa bí, bí n ò bá sí mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́ mi. O wá ní kí n dákẹ́ ní orí keje."

Omi lé ròrò sójú Gègé. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́ tó wà lórí tábìlì màmá, ó fa báírò yọ létí, ó fi pa búrẹ́dì tó há ìyá lọ́fun rẹ́ kúrò níbẹ̀. "Ó ti kúrò, mà. Kí lẹ fẹ́ sọ?"

Ha! Màmá fa àpótí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èébú sílẹ̀. Gègé ń kọ, òógùn bò ó. Ìyàwó ẹ̀ gbé báàgì jáde látinú yàrá, ó ní àwọn lè máa lọ sílé.

"Ṣe sùúrù, jọ̀ọ́," ni Gègé wí. "A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí kẹjọ ni, wọn ò tíì bú mi tán."

"Kọ ọ́ dáadáa!" ni màmá pariwo. "Lọ́jọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn, mo gbọ́dọ̀ ti bú u kó tó jókòó."