Ẹsẹ̀ Súbérù Níwájú Dókítà

Owó epo rọ̀bì ti gbé ilé iṣẹ́ ahunṣọ tuntun dé Ìsọlọ̀, Súbérù sì fẹ́ di awakọ̀ wọn. Àmọ́ bí dókítà tí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò bá ní ara rẹ̀ kò pé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà á. Dókítà Olúbọ̀wálé, bàbá arúgbó, jókòó síwájú rẹ̀, ó fi òòlù rọ́bà gbá a lórúnkún. Ẹsẹ̀ kò mì.

"Àbí iṣan ẹsẹ̀ yìí ti kú ni?"

"Ó wà láàyè, sà! Èmi ni mo dì í mú. Ta ló ń ta àgbà nípàá?"

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ọpọlọ rẹ ló mọ àgbà. Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ò mọ ẹnì kankan; kì í dúró gbàṣẹ kó tó ju ẹsẹ̀. Ó yá, fi ìka ọwọ́ kan kọ́ ti èkejì, kí o máa fà á, kí ọpọlọ rẹ lè gbàgbé ẹsẹ̀."

Ibi tí Súbérù ti ń fa ìka ni òòlù ti bà á. Ẹsẹ̀ fò, ó gbá dókítà lójúgun. Súbérù dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ forí jì mí, sà! Kì í ṣe èmi, ọ̀pá ẹ̀yìn ni!"

"Dìde, jàre," ni dókítà wí, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. "Ara tìrẹ pé. Ojúgun tèmi ni kò pé mọ́."