Àga Aniello

"Obìnrin ilé wa kì í wọ ọkọ̀ ojú omi," ni Donna Raffaela wí. "Èbúté la máa ń jókòó sí, a óò máa retí wọn."

"Ìyẹn ló ń jẹ́ kí orúnkún máa dùn yín," ni Nunzia, ìyàwó ọmọ rẹ̀, dá a lóhùn. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ sínú àpótí lọ ní tirẹ̀.

Ìyá ọkọ fọwọ́ lérán. Ní Torre del Greco, ìlú wọn létí òkun, ta ni ò mọ̀ pé ọkùnrin ló ń lọ sójú òkun, tí obìnrin ń ṣọ́lé? Bàbá Aniello, ọkọ Nunzia, ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí i náà ṣe bẹ́ẹ̀. Aniello fúnra rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó àwọn tó ń gbádùn ayé wọn kiri èbúté, ìdí ẹ́ńjìnnì ló wà, òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Mena, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló ti lò nílé. Mena sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta.

Nǹkan tó bí Nunzia nínú kò ju ìwé pélébé kan lọ. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ kéékèèké ya àwọn ará ilé wọn. Mena fa ìlà rúdurùdu, ó ní Màmá nìyí, Biagio ẹ̀gbọ́n òun nìyí, ìyá àgbà nìyí. Ó wá ya àpótí kékeré kan sí ìdí ọwọ́ Màmá. Olùkọ́ bi í léèrè, ó ní, "Papà nìyẹn." Fóònù ló yà. Nunzia wo ìwé náà títí, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí i. Ẹ gbọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó ń fẹnu ko gíláàsì fóònù lẹ́nu lójoojúmọ́, ṣé ìyẹn náà la ó máa pè ní ọmọ tó ní baba?

Ló bá gbé owó tí wọ́n ti kó jọ láti fi tún òrùlé ilé ṣe, ó fi gba àyè mẹ́ta nínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ gan-an. Láti Napoli lọ sí Palermo, dé Valencia, dé Marsiglia, kí wọ́n tó sọ̀ ní Genova.

"Ìwọ á máa jẹ fàájì lókè, ọkọ rẹ á máa làágùn nísàlẹ̀," ni Donna Raffaela wí. "Ojú ò tì ẹ́?"

"Ojú ń tì mí, Màmá. Ìyẹn ni mo ṣe ń lọ."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n ti lò nínú ọkọ̀, wọn ò tíì fojú kan Aniello. Òfin ló dì í mú. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí èrò wà, èrò náà kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nunzia lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, wọ́n ní rárá. Ó mú àwọn ọmọ méjèèjì lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn irin kan, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ dá wọn padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Biagio, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀ yàrá wọn gbà-gbà-gbà. Ó ní bóyá Papà á gbọ́.

"Ẹ ní sùúrù dé Genova," ni Aniello sọ lórí fóònù. "Wọ́n máa fún mi ní wákàtí méjì."

"Wákàtí méjì," ni Nunzia tún un sọ. Kò bá a jà. Ó pa fóònù, ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ń jẹ ètè.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sọ́ńdè, agbami ni wọ́n sì wà láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìjẹun, àga mẹ́rin ló wà nídìí tábìlì wọn. Nunzia tẹ́ àwo mẹ́rin. Ó bu makaróònì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó da ọbẹ̀ ẹran lé e, ọbẹ̀ tó dá a lójú pé kò lò ju wákàtí kan lórí iná, bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e kaná nílé, ó sì rọ wáìnì díẹ̀ síwájú àga tó ṣófo. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹni tó wà lójú òkun gbọ́dọ̀ ní àwo àti àga tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Àlùfáà àdúgbò ṣèèṣì jókòó sí i lọ́dún kan, Donna Raffaela ló fà á lọ́wọ́ tó fi dìde. Kí Mena tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pè dáadáa ló ti mọ èyí.

Ọ̀gá yàrá ìjẹun wá bá wọn. Dellepiane lorúkọ rẹ̀, ọmọ Genova ni, aṣọ funfun rẹ̀ dúró bí pákó.

"Signora, tábìlì kún lónìí. Màmá àgbàlagbà kan ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lo àga yìí."

"Ẹnì kan ló ni ín."

"Ibo ló wà?"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Dellepiane wolẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ojú rẹ̀ pọ́n. "Signora, ẹ ti mọ òfin. Kì í ṣe èmi ló ṣe é."

"Mo mọ̀. Ẹni tó ṣe é ń jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ lónìí. Ẹ wá àga míì fún Màmá yẹn, kí wọ́n má wà lórí ìdúró."

Ọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ó yà sídìí fóònù ara ògiri, ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó ń wo ọ̀dọ̀ wọn. Nunzia náà fa fóònù tirẹ̀ yọ.

"Aniè, oúnjẹ rẹ ti wà lórí tábìlì."

"Nunzià, mo wà nísàlẹ̀ níbí."

"Agogo méjìlá lo ṣíwọ́. Agogo kan ti fẹ́ẹ̀ lù. Àkàsọ̀ ló wà láàárín wa lónìí, kì í ṣe òkun."

"Wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́."

"Kí wọ́n lé ẹ wálé. Àwa ò tíì lé ẹ."

Ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni Nunzia ń gbọ́, lẹ́yìn náà fóònù kú. Ó fi í lé orí tábìlì. Ẹ̀rù ń bà á. Òrùlé ti lọ, tí iṣẹ́ bá tún lọ, kí ni yóò sọ fún Donna Raffaela? Síbẹ̀ kò kábàámọ̀.

Wọn ò tíì jẹ makaróònì dé ìdajì tí ilẹ̀kùn ilé ìdáná fi ṣí. Ọkùnrin kan jáde wá nínú aṣọ iṣẹ́, irùngbọ̀n kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, omi ṣì ń kán ní irun rẹ̀ níbi tó ti sáré bọ́jú. Gbogbo ilé ìjẹun ló ń wò ó. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Tábìlì wọn ló gbà lọ tààrà, ó fa àga tó ṣófo, ó jókòó.

Biagio dìde. Mena ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Dìde."

Aniello wò ó.

"Dìde ńbẹ̀. Àga Papà mi ni." Ó ti di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó ń fà á. Nígbà tí ọkùnrin náà ò mira, ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, fún mi ní fóònù. Mo fẹ́ sọ fún Papà pé ẹnì kan ti jókòó sórí àga rẹ̀."

Omi lé sójú Nunzia tòun ti pé ó ti búra pé òun ò ní sunkún nínú ọkọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọmọ kí ó má baà gbàgbé baba rẹ̀ náà ló fi ń lé baba rẹ̀ dìde yìí. Àwọn tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn ti gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Aniello yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó pe fóònù Nunzia, irú ìpè tó ń fi ojú hàn. Èyí tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí dún, Mena sì já a gbà.

"Papà, ọkùnrin kan jókòó sórí àga rẹ o."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó nírùngbọ̀n. Ó ń rùn bí epo."

"Bi í bóyá ebi ń pa á."

Mena gbójú sókè lórí fóònù. "Ṣé ebi ń pa ẹ́?"

"Ebi ń pa mí gan-an."

Ẹnu méjì ló sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú gíláàsì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà gan-an. Mena wo fóònù. Ó wo ọkùnrin náà. Ó tún wo fóònù. Aniello rọra gbé ọwọ́ òsì sókè, ọwọ́ inú fóònù náà sì lọ sókè.

Ìgbà yẹn gan-an ni Dellepiane dé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. "Arákùnrin, ẹ dìde lórí àga yẹn. Wọ́n ń dúró dè yín ní ọ́fíìsì."

"Kò tíì jẹun," ni Nunzia wí.

"Signora, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dàriwo. Arákùnrin, ẹ dìde."

Aniello fọwọ́ ti tábìlì láti dìde, nítorí ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń gbọ́ràn sí ẹni tó bá wọ aṣọ funfun. Mena da fóònù dojú bolẹ̀. Ó gun orí àga tirẹ̀ kí ó lè ga, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti èjìká ọkùnrin náà padà sílẹ̀, ó sì kọjú sí Dellepiane.

"Àga Papà mi ni," ló wí fún un.

Dellepiane wo ọmọ náà, ó wo ìyá, ó wo gbogbo àwọn tó ń wò ó. Ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti yíjú sí ojú fèrèsé.

Nunzia ti búrẹ́dì síwájú ọkọ rẹ̀. "Jẹun," ló wí. "Tí o bá ṣetán, a ó jọ lọ sí ọ́fíìsì náà, gbogbo wa."

Aniello mú fọ́ọ̀kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.