Orin Iléyá Lẹ́sẹ̀ Òkè Ọ̀kà

Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà mọ́tò, Ààfáà Àmúsà wá láti Ìkàrẹ́ láti ṣíwájú ìrun Iléyá fún àwọn ará Ọ̀kà. Bí wọ́n ti kúrò ní yídì, ó ní kí obìnrin kankan má kọrin.

"Ọjọ́ ìjọsìn kì í ṣe ọjọ́ ariwo."

Limota, àgbà obìnrin tó máa ń lé orin, kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Ààfáà. Àwọn tó kú láti Iléyá èṣí là ń fi orin dárúkọ."

Kí Ààfáà tó fèsì, ìyá náà ti gbé orin. Bó bá ti dárúkọ òkú kan, àwọn obìnrin a ní, "Ọlọ́run kẹ́ ẹ," òkè àpáta a sì tún orúkọ náà pè ketekete.

Orí Ààfáà wú. Ó rọra sún mọ́ Limota.

"Ìyá mi náà kú lọ́dún yìí. Raliat ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é."

Limota pe Raliat. Òkè náà pe Raliat. Ààfáà dúró láìmira, ó gbójú sókè, títí ohùn náà fi wọnú àpáta lọ.