Túùkú Etí Odò

"Ẹ wá wo túùkú yìí o, ó wọ bàtà," ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì wí, ó nàka sí ojú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rín sì ti ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó tún un wò, ẹ̀rín náà kú. Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyàwó. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n, ọkọ yín, ni."

"Kí ni màá bínú sí?" ni Ìyàwó dáhùn. "Fi ránṣẹ́ sí mi."

Ìyàwó ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é, nítorí ọkọ rẹ̀ ló mú un wọ iṣẹ́ kíka ẹran igbó náà. Ọkọ ti wá kú báyìí, àìsàn tí kò tó nǹkan ló mú un lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ mìíràn tí wọn ì bá máa pe obìnrin náà. Nígbà ayé rẹ̀, ọkọ yìí ló máa ń so kámẹ́rà mọ́ igi nínú igbó, irú èyí tó ń dá ya ohunkóhun tó bá kọjá níwájú rẹ̀. Bó bá so ó tán, á kúnlẹ̀, á fọwọ́ tẹlẹ̀, á rá kọjá bí ẹran, kó lè mọ̀ bóyá òun gbé e ga jù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ju ewé síwájú kámẹ́rà kí wọ́n lè tètè relé. Òun a rá ni.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwọn fọ́tò náà sọ́tọ̀, tí wọ́n sọ ní Amòye, kò mọ ìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wo fọ́tò, kó ní èyí ẹtu ni, èyí ọ̀bọ ni, èyí ewé lásán ni atẹ́gùn ń fẹ́. Ó rí ohun tó tẹ̀ba, tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn létí odò, ó ní túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó, ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń yẹ ọgbọ́n Amòye wò, Ìyàwó sì ni ènìyàn náà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ti Ìyàwó yàtọ̀ díẹ̀: ó ń ríran, ẹkún ni kò wá. Látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, inú rẹ̀ rí bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá fẹ́ pa gbogbo fọ́tò tí a bá kọ "Ènìyàn" sí rẹ́. Àdéhùn tí wọ́n bá àwọn ará abúlé ṣe nìyẹn: ẹni tó bá wá ṣẹ́gi tàbí tó wá wẹ̀, wọn ò ní tọ́jú àwòrán rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mú fọ́tò jáde, kí àwọn tó ń dẹ pańpẹ́ má baà mọ ibi tí kámẹ́rà wà.

Ìyàwó dìde, ó lọ bá Ọ̀gá nínú yàrá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwọn fọ́tò etí odò yẹn, ọkọ mi wà níbẹ̀."

Ọ̀gá gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Kí ni Amòye kọ sí i?"

"Túùkú."

Ọ̀gá mi orí. "Mi ò lè pa ti ìyá aṣẹ́gi rẹ́, kí n wá fi ti ọkọ rẹ sílẹ̀. Ojú á tì mí. Ṣùgbọ́n bí Amòye bá ní túùkú ni, túùkú náà ni. Èmi ò ní yẹ̀ ẹ́ wò."

"Wọ́n á kà á mọ́ ẹran, mà."

"Túùkú kan ṣoṣo nínú odindi igbó, ta ni yóò bá a jà?"

"Ẹ ṣeun, mà."

Nígbà tó padà, Onígíláàsì fà mọ́ ọn. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nígbà náà. Kí ẹ̀gbọ́n máa jẹ̀ létí odò wọn jẹ́ẹ́jẹ́." Ó fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò rí túùkú kankan létí odò," ni Ìyàwó wí. "Ó wá a títí. Bó bá ti igbó dé, mo máa ń bi í, á ní, 'Mi ò rí i, mi ò sì ní purọ́ túùkú.'"

Ó ṣí fọ́tò àkọ́kọ́. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú ẹrẹ̀, ìdí wà lókè, orúnkún ṣòkòtò tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ ti tún ya. Ó dúró kí nǹkan kan sọ nínú òun. Nǹkan kan ò sọ. Ó pa "Túùkú" rẹ́, ó kọ "Ènìyàn". Kọ̀ǹpútà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí òmíràn, ó tún ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n pọ̀, torí pé bí gíga kámẹ́rà ò bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á tún rá. Onígíláàsì ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò ó.

Amòye kì í ṣe olóríkunkun. Bí a bá tọ́ ọ sọ́nà, á gbà. Nígbà tí fọ́tò ku díẹ̀, Ìyàwó gbọ́wọ́ sókè láti pa "Túùkú" rẹ́, kò rí i. Ọkùnrin náà ṣì ń rá, orí wà nílẹ̀, ìdí wà lókè, Amòye sì ti fúnra rẹ̀ kọ ọ́: "Ènìyàn".

"Ó ti dá wọn mọ̀," ni Onígíláàsì wí wẹ́rẹ́.

Ìyàwó wo àwọn tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì fọwọ́ kan nǹkan kan, ó tún padà sí yàrá Ọ̀gá.

"Mo ti parí, mà."

Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ọ̀gá nawọ́ sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa fọ́tò rẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni Ìyàwó wí, "ẹ dìde fún mi. Èmi ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá wò ó, ó sì dìde. Ìyàwó fa àga náà súnmọ́ tábìlì, ó jókòó dáadáa, ó sì tẹ̀ ẹ́.